Ogún Bàbá Kọ́ Ni Ẹ̀sìn: Èsì fún Àwọn Tí Ń Yin Paul Atreides

Láti ìgbà tí fíìmù Dune ti jáde ní 2021, tí apá kejì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2024, ohùn méjì ni a ń gbọ́ láàrin àwọn Mùsùlùmí tí ó ń kàwé. Ohùn kìíní ní ìwé tí wọ́n ti mú fíìmù náà jáde, èyí tí Frank Herbert ará Amẹ́ríkà kọ ní 1965, ń fi ẹ̀sìn wa ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé jìháàdì, Máhdì àti Ramadan wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí á gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ohùn kejì, ti àwọn ọ̀dọ́, ní akọni tiwa ni Paul Atreides, ọmọ tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, tí ó sì fi idà gba ogún bàbá rẹ̀ padà. Èmi kò bá ọ̀kankan nínú wọn lọ. Ẹni tí ó ní kí á gba ìwé náà kò kà á. Ẹni tí ó ń yin Paul kà á, ṣùgbọ́n ojú ẹbí ni ó fi kà á, ojú ẹbí yìí gan-an sì ni ìwé náà ń bá wí.

Nítorí ẹni tí kò tíì kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ìtàn àròsọ ni, nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí ń bọ̀, nígbà tí ọmọ ènìyàn yóò ti fọ́n ká sí oríṣiríṣi ayé láàrin ìràwọ̀. Ọba kan ṣoṣo, Shaddam Kẹrin, ni ó jẹ lé gbogbo wọn lórí, àwọn ìdílé ọlọ́lá sì ń ṣàkóso àwọn ayé náà lábẹ́ rẹ̀. Ayé tí ó ń jẹ́ Arrakis jẹ́ aṣálẹ̀, òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí melange, èròjà tí àwọn atukọ̀ òfuurufú kò lè rí ọ̀nà wọn láìsí i. Ìdílé Harkonnen ni ó ń ṣàkóso rẹ̀. Ọba gbà á lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún ọ̀tá wọn, Duke Leto ti ìdílé Atreides. Ojú ọlá ni ará ìta fi wò ó. Àṣé ìlara ni: Leto ti gbayì jù láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ogun rẹ̀ sì ti ń mọ ogun jà bíi ti ọba. Ní òru ọjọ́ kan Baron Harkonnen padà wá. Àwọn Sardaukar, ọmọ ogun ọba fúnra rẹ̀, wà láàrin àwọn tirẹ̀, wọ́n wọ aṣọ Harkonnen kí àwọn ìdílé yòókù má baà mọ̀ pé ọba ni ó ń pa ọmọ abẹ́ rẹ̀ jẹ.

Nínú ìwé yìí, ẹnu ọ̀nà ẹbí ni ọ̀tẹ̀ ń gbà wọlé. Yueh, dókítà ilé Leto, ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá kọ́ ọ kò lè dalẹ̀ láé. Àwọn Harkonnen mú ìyàwó rẹ̀. Nítorí ìyàwó náà ni ó fi ta ọ̀gá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pa ìyàwó ọ̀hún. Jessica, ìyá Paul, jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ awo àwọn obìnrin kan, Bene Gesserit, tí ó ti ń ṣètò láti ìran dé ìran irú ẹni tí yóò bímọ fún irú ẹni. Wọ́n ní kí ó bí obìnrin fún Leto. Ó bí ọkùnrin, nítorí pé ohun tí olówó orí rẹ̀ ń fẹ́ nìyẹn. Mo pè é ní olówó orí, ṣùgbọ́n owó orí wo? Leto kò so yìgì pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi kú. Ó fi àyè ìyàwó sílẹ̀ kí àwọn ìdílé ńlá lè máa retí pé bóyá ọmọ tiwọn ni yóò fẹ́. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, òṣèlú ni ó jókòó lé e lórí. Lẹ́yìn tí ilé ti tú ni Paul wá mọ̀ pé Baron tí ó pa bàbá òun ni ó bí ìyá òun.

Ìyá àti ọmọ sá wọ aṣálẹ̀, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fremen, ọmọ onílẹ̀ Arrakis, tí àwọn baba ńlá wọn ń jẹ́ Zensunni, tí wọ́n sì ti lé kiri láti ayé dé ayé. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń yin Paul ti fara balẹ̀. Àwọn Fremen ń retí Máhdì kan tí yóò ti òkèèrè wá, tí ìyá rẹ̀ yóò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin awo náà. Ta ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Àwọn Bene Gesserit ni! Wọ́n ti rán ènìyàn lọ síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ láti gbin àsọtẹ́lẹ̀ náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí ọ̀ràn bá dé bá níbẹ̀ lè rí ibi fi orí pamọ́ sí. Jessica mọ̀, Paul náà mọ̀. Ìyá ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn náà ń retí, ọmọ sì gba orúkọ tí wọ́n fún un. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó ń rí ọjọ́ iwájú, ó rí jìháàdì tí yóò jáde láti ara òun, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà á. Ó ń bá a lọ síbẹ̀, nítorí pé láìsí àwọn Fremen kò sí bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ Baron àti ọba.

Wọn a ní, "Ṣé ọmọ ọkùnrin kò gbọdọ̀ gbẹ̀san bàbá rẹ̀ ni?" Ẹ jẹ́ kí Herbert fúnra rẹ̀ dáhùn. Nínú Dune Messiah, ìwé kejì tí ó tẹ̀ jáde ní 1969, Paul tìkára rẹ̀ ṣírò òkú tí ogun rẹ̀ pa: bílíọ̀nù 61. Ayé 90 ti di ahoro, àwọn ọlọ́jọ́ ẹ̀sìn 40 ti run. Bàbá kan ṣoṣo ni wọ́n pa o! Kí sì ni ó kan àwọn Fremen? Stilgar, ọkùnrin gidi tí ó gbà á sílé bí ọ̀rẹ́, di ẹni tí ń wò ó bí ẹni ń wo òrìṣà. Àwọn Harkonnen ni wọ́n pa bàbá Chani. Chani yìí bí ọmọkùnrin fún Paul, wọ́n sọ ọ́ ní Leto, àwọn Sardaukar pa á ní kékeré. Ní ọjọ́ tí ìtẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Paul, Irulan ọmọ ọba ni ó ní òun yóò fẹ́, ó sì fi Chani sí ipò tí bàbá rẹ̀ fi ìyá rẹ̀ sí. Lóòótọ́ ni ó gba ogún bàbá rẹ̀ pátápátá, àìso yìgì wà nínú ogún náà.

Ìwé tiwa kò fi ojú ẹbí ṣe ìdájọ́. Nínú Súrátù Nísáì, áyà 135, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé kí á dúró ti òdodo bí ó tilẹ̀ tako àwa fúnra wa, àwọn òbí wa àti ìbátan wa. Ànábì Nuhu bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ nígbà ìkún omi. Èsì tí ó gbà ni pé ọmọ náà kì í ṣe ara ilé rẹ̀. Mùsùlùmí tí ó mọ ìtàn yìí, báwo ni yóò ṣe pàtẹ́wọ́ fún Paul?

Ẹ tún wo ibi tí Herbert ti rí ohun èlò rẹ̀. Ní 1960, Lesley Blanch tẹ ìwé kan jáde, The Sabres of Paradise, nípa Imam Shamil, ẹni tí ó kó àwọn Mùsùlùmí Dagestan àti Chechnya lẹ́yìn, tí ó bá Rọ́ṣíà jagun láti 1834 títí tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ ní 1859. Inú ìwé yìí ni Herbert ti mú èdè Chakobsa. Ibẹ̀ náà ni ó ti mú ọ̀rọ̀ náà kanly, orúkọ tí ó pe ìjà Atreides àti Harkonnen. Ní òkè Caucasus, kanly ni ìgbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ láti ìdílé sí ìdílé, ìran kan a pa, ìran kejì a gbẹ̀san. Shamil sì ni ó gbé Ṣàríà kalẹ̀ láti fi pa irú àṣà bẹ́ẹ̀ rẹ́! Ní 1839 ó fi ọmọ rẹ̀, Jamal al-Din, dúró lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà. Àárín wọn ni ọmọ náà dàgbà sí. 1855 ni ó tó rí i gbà padà, ọmọ náà sì kú ní 1858. Wọ́n tún máa ń sọ ìtàn kan pé ìyá Shamil bá àwọn kan bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí àwọn túúbá fún Rọ́ṣíà. Ó dá pàṣán ọgọ́rùn-ún fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá dákú lẹ́yìn ìwọ̀n díẹ̀, ó bọ́ aṣọ, ó ní kí wọ́n na èyí tó kù sí òun lára. Ẹ lè sọ pé ó le jù. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ni ọkùnrin yẹn gbé ga ju ẹbí lọ, ara tirẹ̀ ni ó sì fi san án. Paul gbé kanly tí Shamil ń bá jà, ó fi aṣọ jìháàdì wọ̀ ọ́, ara àwọn ẹlòmíràn ni ó fi san án.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó fẹ́ kí á gba ìwé náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ẹ ní ó bú wa. Níbo? Àwọn Fremen fún Paul ní orúkọ Muad'Dib, orúkọ eku kékeré inú aṣálẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé kéú mọ̀ pé muaddib lédè Lárúbáwá ni olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìwà. Èébú wo ni ó wà níbẹ̀? Ẹ̀sùn tí mo ní sí Herbert yàtọ̀ sí tiyín. Kò sí àáfà kankan láàrin àwọn Fremen rẹ̀ tí ó dìde bi ọmọ àlejò yìí pé, "Kí ni ẹ̀rí rẹ?" Gbogbo ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa Máhdì, àlejò ni ó gbìn ín sí wọn lọ́kàn, wọn kò sì ní ẹni tí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ nìyẹn nípa wa. Nígbà tí Muhammad Ahmad pe ara rẹ̀ ní Máhdì ní Sudan ní 1881, ọ̀pọ̀ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan ní Khartoum kọ̀wé takò ó, wọ́n fi ìwé bi í ní ẹ̀rí. Pé ìjọba ni ó wà lẹ́yìn wọn kò sọ ìbéèrè wọn di asán. Kí ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1885: àwọn ẹbí rẹ̀ àti Khalifa Abdullahi tí ó rọ́pò rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn yé, títí tí àwọn ẹbí náà fi dìtẹ̀ ní 1891.

Àwọn onífíìmù rò pé àwọn ń ṣàánú wa. Nínú ìpolówó fíìmù náà ní 2020, orúkọ tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń pe ogun ẹ̀sìn tiwọn ni wọ́n lò. Nínú fíìmù wọ́n ní ogun mímọ́, jìháàdì pòórá. David Lynch, tí ó ti ṣe fíìmù tirẹ̀ ní 1984, burú jù wọ́n lọ: ó mú kí Paul rọ òjò sórí Arrakis ní ìparí, bí ẹni pé àsọtẹ́lẹ̀ tí àwọn obìnrin awo gbìn ti ṣẹ. Òjò bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé Herbert.

Nítorí náà, bàbá tí ọmọ rẹ̀ bá ní òun fẹ́ ka Dune, kí ó rà á fún un, ṣùgbọ́n kí ó ra ìwé 1969 náà pọ̀ mọ́ ọn. Bí owó bá sì kù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó wá ìwé lórí Imam Shamil kún un, kí ó sì bi ọmọ náà, bí ó bá kà wọ́n tán, èwo nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì ni yóò fẹ́ kí ó jẹ́ ìmáàmù òun.