Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Nọ́ọ̀kì Kò Tíì Kú: Ẹ Sanwó Àyẹ̀wò Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Lójú ewé òwò wa, owó orí, ìnṣọ́ránsì àti ilé rírà la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá, nítorí pé ọkọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ẹni tó ń kó ẹrù, ẹni tó ń tún ilé ṣe, ẹni tó ń gbé àga àti kánópì lọ síbi ìnáwó, bí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ bá dúró, owó oúnjẹ ilé rẹ̀ dúró nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń pa wá lówó. Ọ̀rọ̀ náà ni "nọ́ọ̀kì". Nílé, bí mẹkáníìkì bá ti ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, òkú ti sùn nìyẹn, ọjà tòkunbọ̀ ló kù. Níbí, nọ́ọ̀kì kò ju orúkọ ìró lọ, ohun tó sì lè fa ìró náà pọ̀. Ìtumọ̀ ti ilé la gbé wá síbí. Bí mẹkáníìkì ibí bá ní òun gbọ́ nọ́ọ̀kì, ọkàn wa á ti lọ sórí ẹ́ńjìnnì tuntun, tàbí ká ta ọkọ̀ náà ní ọ̀pọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi nígbà ooru ọdún 2023. Mo ń fi píkọ́ọ̀pù mi tó ní tọ́bò wọ́ tírélà, mo kó àga 200 sí i, mò ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan. Bí mo ṣe ń gun afárá, mo gbọ́ ìró bí ìgbà tí wọ́n ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ọkọ̀ ń ta gìrì, iná check engine sì ń ṣẹ́jú. Àbúrò tó jókòó tì mí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ńjìnnì yìí ti nọ́ọ̀kì o." Ibi àtúnṣe àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ní kí n mú $8,500 wá fún ẹ́ńjìnnì míì. Owó èsúsú tó kàn mí lóṣù yẹn ni mo fẹ́ kó fún wọn. Ìyàwó mi ló bi mí pé, "Dádì wọn, kí ni wọ́n ní ó ṣe é gan-an?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mo san $160 fún àyẹ̀wò nìkan. Ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò ó, ó bá P0304, ìyẹn ni pé sìlíńdà kẹrin kò gbiná dáadáa. Ó tú plọ́ọ̀gì, àlàfo ẹnu wọn ti fẹ̀ jù. Ó fẹ́ èéfín sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́, èéfín sì yọ lára rọ́bà tó ti ìdí tọ́bò wá, tó ti sán. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé bẹtiróòlù wo ni mò ń rà. Mo ní 87, èyí tó wọ́n kéré jù. Àpapọ̀ owó náà, pẹ̀lú àyẹ̀wò, jẹ́ $640. Ọkọ̀ yẹn ló ṣì ń wọ́ tírélà mi títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, tọ́bò sì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wọ inú sìlíńdà. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná. Bí ooru, ẹrù wíwúwo àti bẹtiróòlù tí octane rẹ̀ kéré bá pàdé, bẹtiróòlù lè gbiná fúnra rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ìró agolo tí mo gbọ́ nìyẹn. Plọ́ọ̀gì tí àlàfo rẹ̀ fẹ̀ kì í lè ta iná já nígbà tí tọ́bò bá ń fún afẹ́fẹ́ gidi, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń ta gìrì. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dé lọ́jọ́ kan náà, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì fẹ́ sin. A fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ká máa pa làpálàpá.

Ẹ fetí sí ìró kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gun òkè tàbí tí ẹ gbẹ́rù nìkan ló ń dún, ẹ kọ́kọ́ wo bẹtiróòlù, plọ́ọ̀gì àti ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí ó bá dún fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ bá ṣáná sí i láàárọ̀, tó sì dákẹ́, ẹ ní kí wọ́n wo timing chain àti ohun tó so mọ́ ọn. Bí ó bá ń dún tík-tík nígbà tó tutù, tó sì ń lọ bó ṣe ń gbóná, ó lè jẹ́ páìpù èéfín ló ń jò. Ṣùgbọ́n bí ìró náà bá wúwo, tó ń yára bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, tí kò dákẹ́, tí iná ọ́ìlì tún tàn, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ríǹgì lè ti jẹ. Ìyẹn ni nọ́ọ̀kì tí wọ́n ń sọ nílé.

Bí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, ẹ dẹsẹ̀. Bẹtiróòlù tí kò jó ń lọ ba catalytic converter jẹ́, owó ńlá mìíràn sì nìyẹn. Ẹ ra ọ́ìlì tí wọ́n kọ API SP sí lára, ìpele tó jáde lọ́dún 2020. Lára ohun tí wọ́n ṣe é fún ni láti dín iná tó ń ṣáájú àkókò kù nínú ẹ́ńjìnnì tọ́bò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ẹni tó gba $160 tí kò tún nǹkan kan ṣe, olè ni." Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a máa ń bá ilé ìwòsàn jà nítorí owó X-ray? Àwọn míì á ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ń ka nọ́ńbà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe ìdáhùn. P0304 sọ ibi tí iná kò ti gbà, kò sọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, injector tàbí fáàlù. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á gbé kọ́ìlì sìlíńdà kan sí òmíràn. Bí àìsàn bá bá kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì ló lẹ́bi. Àwọn mẹkáníìkì wa nílé tó ń fi ìdí screwdriver sétí gbọ́ inú ẹ́ńjìnnì, àyẹ̀wò náà ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ẹni tó ń bú wọn.

Ẹ tún fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín, VIN oní 17, wo ìkànnì NHTSA. Bí recall bá wà lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò sábà tún un ṣe. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo ọ́ìlì tí ẹ pààrọ̀. Òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 kò gbà kí wọ́n fi wáráńtì dù yín torí pé ibòmíràn lẹ ti ṣe sáfíìsì nìkan.

Àbá mi fún ẹgbẹ́ rèé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ nítorí ẹ́ńjìnnì, kó kọ́kọ́ mú ìwé àyẹ̀wò wá, kí ohun tó ṣe ọkọ̀ àti bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n wà nínú rẹ̀. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, owó náà yóò máa wà fún ẹni tó nílò rẹ̀ ní tòótọ́. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa o.