GÀÀRÍ TÍ KÒ KAN ÀTI IṢAN ARA WA

Ọ̀rọ̀ gààrí ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, nítorí agbára káká ni a ó fi rí ilé tí wọn kì í ti í jẹ ẹ́ ní Adébáyọ̀ wa níhìn-ín.

Ẹ wo wáyà iná inú ilé yín: irin ni iná ń gbà kọjá, rọ́bà ni ó sì bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹsẹ̀ ṣe rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tíntìnní kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa wé iṣan náà, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀. Bí aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ọn bá ṣí, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán kì í dé ibi tí ó ń lọ dáadáa mọ́.

Ọmọ Èkìtì ni ó wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì kú ní 1995. Ó rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn bí iná, tí wọ́n ń rìn tàgétàgé bí ọ̀mùtí, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn, tí etí wọn sì ń di. Oúnjẹ gbágùúdá ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1968, ó ní nígbà tí àwọn yẹ iṣan wọn wò, aṣọ ara rẹ̀ ti ṣí káàkiri. Májèlé sáyánáìdì tí ń jáde lára gbágùúdá ni ó fura sí.

Àwọn oníṣègùn tí ó tẹ̀ lé e rí ìlú tí wọ́n ti ń jẹ gbágùúdá púpọ̀ tí àrùn náà kò sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà àríyànjiyàn kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ní Mòsáńbíìkì ní 1981, nígbà ọ̀dá, àwọn ènìyàn kò dúró kí gbágùúdá kíkorò jinná sí májèlé rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Àrùn mìíràn ni tiwọn, ó sì rọ ẹsẹ̀ ènìyàn tí ó lé ní 1,000, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń rin gbágùúdá láàárọ̀, tí ẹ sì ń yan án nírọ̀lẹ́ nítorí ọjà ọ̀la, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Bí ó bá wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ó kan, tí a tẹ omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án gbẹ, púpọ̀ nínú májèlé náà ni yóò bá omi àti èéfín lọ. Ìyókù, ara fúnra rẹ̀ ni yóò fi imí-ọjọ́ tí ó wà nínú ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin rọ̀ ọ́ lójú, tí yóò sì tọ̀ ọ́ dànù. Ọmọ tí ó ń mu gààrí olómi tútù lójoojúmọ́ láìsí ẹ̀wà tàbí ẹja kò ní èyí tí ara rẹ̀ yóò fi ṣe iṣẹ́ yẹn.