Èrè Ni Ká Jẹ, Ká Má Jẹ Ojú Owó



Ní Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, àwa àti ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ apẹja gbé ìwọ̀ àti ekòló lọ sí adágún omi. Kí oòrùn tó mú, a ti fa ẹja epìyà mẹ́fà. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹja ò jẹ mọ́. Ọ̀rẹ́ wa ní bí omi bá ti gbóná, èémí inú rẹ̀ a dínkù, ara ẹja a sì wúwo.

Sùúrù tán wa. A ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí a bá da oògùn kòkó díẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n wò wá títí. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, irú epìyà kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ló ń kó ọmọ sí. Ìgbà yẹn, kì í sábà jẹun, ìwọ̀ kì í sì í sábà mú un. Oògùn ò mọ ìyá, kò mọ ọmọ. Kí la ó wá pa lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ojú tì wá.

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ má torí ẹ̀dínwó ra ẹja olóògùn. Ẹni tó jẹ ẹ́ jẹ májèlé. Ní tiwa, ẹni tó bá ń da oògùn sódò, kí ẹgbẹ́ má yá a lówó. Ojú owó gbogbo wa ló ń jẹ.

Ire o.