Ilé Títà ní Dọ̀pẹ̀mú àti Ìyọnu Àwọn Olùrà

Ẹni tó bá gba abẹ́ afárá Dọ̀pẹ̀mú kọjá, yálà ó ń lọ sí ìhà Akọ́wọ́njọ tàbí ó ń yà sí ìhà Agége, yóò rí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí pé ilé náà kì í ṣe títà. Àlejò lè rò pé àwọn onílé ìlú Èkó kò fẹ́ràn òwò ilé. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́. Ilé ń tà débi pé ẹni tí kò fẹ́ ta tirẹ̀ ní láti kígbe sórí ògiri, kí ọmọ ẹbí tàbí gbájúẹ̀ má baà tà á lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta tirẹ̀ ní tòótọ́ ńkọ́? Ìyà tirẹ̀ kì í hàn lára ògiri.

Òógùn ojú òṣìṣẹ́ ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ ní Ìkẹjà lẹ́yìn òmìnira 1960, àwọn òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ wọn kò tó ilẹ̀ Ìkẹjà fúnra rẹ̀ wá ilẹ̀ sí Agége àti Dọ̀pẹ̀mú. Wọ́n fi owó àjọ àti owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá, tí yàrá kọjú sí yàrá. Ilé-iṣẹ́ kan ń kógbá sílé tẹ̀lé òmíràn. Dunlop pàápàá dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Owó oṣù lọ, ilé kù. Bí baba bá wá jáde láyé, ogún di pínpín. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni Alùkùránì yà sọ́tọ̀ fún opó tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀, àwọn ọmọ sì ní ìpín tiwọn, ṣùgbọ́n ilé oníyàrá mẹ́wàá kò ṣeé fi ọ̀bẹ gé bí ẹran iléyá. Bí kò bá sí ọmọ kan tó lówó láti ra ìpín àwọn yòókù, títà ló kù.

Kí olùrà tó dé ni àwọn alágbàtà, tí ará àdúgbò ń pè ní éjẹ́ǹtì, yóò ti dé. Ọ̀kan ni ẹbí bẹ̀ níṣẹ́, mẹ́fà ni yóò mú ènìyàn wá wò ó, olúkúlùkù yóò sì bu tirẹ̀ lé iye tí onílé dá, tó fi jẹ́ pé iye tí olùtà sọ kọ́ ni olùrà ń gbọ́. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn olùrà fúnra wọn. Èyí kan yóò mú bíríkìlà dání, yóò máa fi ọwọ́ lu ògiri, yóò máa ka ibi tó sán, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kọ́bọ̀ nílé. Òmíràn yóò ní owó òun ń bọ̀ láti òkè òkun, yóò sì máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Èyí tó burú jù wọ́n lọ ni ẹni tó san owó díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹbí lè lé àwọn olùrà yòókù lọ, tó wá pòórá fún oṣù mẹ́ta. Bó bá padà dé, yóò ní kí wọ́n já iye náà wálẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ọgbọ́n kọ́ ni ìyẹn. Jíjẹ ọrọ̀ ọmọnìkejì lọ́nà èrú ni.

Ewu ńlá wà nínú ìdádúró yìí ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba. Kí 2024 tó dé ìdajì, ó ti kọjá 1,400. Ẹbí tó gbà kí olùrà san owó ilé díẹ̀díẹ̀ láàárín àkókò náà gba iye náírà tí wọ́n jọ dá pé, ṣùgbọ́n owó ìgbẹ̀yìn kò lè ra iye àpò sìmẹ́ǹtì tí ì bá rà lọ́jọ́ àdéhùn. Olùrà kò jalè, kò sì purọ́. Ó kàn pẹ́ ni.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mùsùlùmí a tún máa fi ẹ̀sìn rọ olùtà pé kó dín owó kù fún ọmọ ìyá rẹ̀. Wọn a máa rántí hádíìsì tí Bukhari gbà wá nípa Abu Rafi', ẹrú tí Anábì sọ di òmìnira, ẹni tó ní yàrá méjì nínú ọgbà Sa'd ọmọ Abi Waqqas. Ó fi wọ́n lọ Sa'd, Sa'd ní òun kò rà. Miswar tó wà níbẹ̀ ní dandan ni kó rà á. Sa'd wá ní òun kò ní san ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dírhámù lọ, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Abu Rafi' ní àwọn kan ti fi 500 dínárì lọ òun, èyí tó ju iye Sa'd lọ, ṣùgbọ́n ó gbà, nítorí ó gbọ́ lẹ́nu Anábì pé aládùúgbò ló lẹ́tọ̀ọ́ jù sí ohun tó wà nítòsí rẹ̀.

Ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń tò ó lẹ́nu wò ó dáadáa. Ẹni tí wọ́n rọ̀ nínú rẹ̀, olùrà ni, kì í ṣe olùtà. Sa'd kò bú yàrá náà kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ó sọ agbára rẹ̀ àti bí yóò ṣe san án ní gbangba, lójú ẹlẹ́rìí. Abu Rafi' ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda èrè. Opó tó ń gbọ́ bùkátà ọmọ mẹ́rin kò ṣe irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kí wọ́n fi hádíìsì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ kò sí lọ́rùn olùrà nìkan, àmọ́. Ẹbí mìíràn a máa fi pamọ́ pé omi òjò ń wọ yàrá ẹ̀yìn, tàbí pé àwọn ọmọ ìyàwó kejì kò tíì fọwọ́ sí i. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ ti là á sílẹ̀ láti 1959 pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta dúkìá ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ gbà á padà. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sì ní kí Gómìnà fi ọwọ́ sí irú títà bẹ́ẹ̀. Olùrà tó bá béèrè ìwé, tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Alausa, tó sì ní kí gbogbo ẹbí jókòó, kò ṣòro bá lò. Ohun tó yẹ ló ń ṣe.

Iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé nínú ẹbí pọ̀ níhìn-ín. Kí wọ́n yan alágbàtà kan ṣoṣo, kí wọ́n sì kọ iye tí yóò gbà sílẹ̀. Bí olùrà bá san àsansílẹ̀, kí ìwé sọ ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀ àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ náà bá kọjá. Kí wọ́n má fi kọ́kọ́rọ́ lé olùrà lọ́wọ́ kí owó tó pé. Kí wọ́n sì bá àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ilé ń tà ni àwọn kan nínú wọn yóò ti dáwọ́ owó ilé dúró, opó yóò sì wà níbẹ̀ láìrí owó ilé gbà, láìrí owó olùrà, pẹ̀lú òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ tún ṣe mọ́.