Àrùn ọwọ́ gbígbọ̀n kì í ṣe èpè ìdílé

Bí ọwọ́ bàbá àgbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní Ṣàngó, Ìlọrin, tí àbúrò rẹ̀ náà tún wá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kíá làwọn kan yóò pè é ní èpè ìdílé. Kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ ilé náà.

Lọ́dún 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé lóko kéde nínú ìwé The Lancet Neurology pé àyípadà kan wà nínú àbùdá GBA1 tó wọ́pọ̀ lára adúláwọ̀, tó sì ṣọ̀wọ́n lára òyìnbó. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan, ewu àrùn Parkinson tirẹ̀ tó ìlọ́po 1.5 ti ẹni tí kò ní in. Bó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ó tó ìlọ́po 3.5. Ewu ni o, kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni àrùn náà kò ní ṣe láéláé.

Àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ fún irú ìwádìí yìí gbọ́dọ̀ fi Yorùbá ṣàlàyé èyí fún ẹbí, kí wọ́n sì pa àṣírí wọn mọ́, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ń wádìí ìdílé nítorí ìgbéyàwó. Kí ìjọba náà rí i pé levodopa, oògùn tó ń jẹ́ kí ara aláìsàn rọ̀, kò kọjá agbára ẹni tó ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.