Ọwọ́ àti Tẹmọ́mítà: Ta Ló Mọ Ìgbóná?

Ẹ gbé abọ́ mẹ́ta sórí tábìlì. Ẹ bu omi yìnyín sí èkíní, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí èkejì, kí ẹ sì bu omi gbígbóná tí ọwọ́ lè mú mọ́ra sí ẹ̀kẹta. Ẹ ti ọwọ́ òsì bọ omi yìnyín, ẹ ti ọwọ́ ọ̀tún bọ omi gbígbóná, kí ẹ fi wọ́n síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá kó ọwọ́ méjèèjì bọ abọ́ àárín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ òsì á ní omi yìí gbóná. Ọwọ́ ọ̀tún á ní rárá, ó tutù. Omi kan náà ni, ara ẹnì kan ṣoṣo ló ni ọwọ́ méjèèjì, síbẹ̀ ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rò.

John Locke, amòye ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ omi yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí òye ẹ̀dá, èyí tó jáde ní 1690. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún báyìí, ìbéèrè inú rẹ̀ kò sì tíì gbó: bí ohun tí a fọwọ́ ara wa kàn bá lè ṣì wá lọ́nà báyìí, kí ni a óò gbẹ́kẹ̀ lé? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń yára dáhùn pé nọ́ńbà ni. Wọ́n á ní kí ọmọ gbàgbé ọwọ́, kó mú tẹmọ́mítà. Òtítọ́ wà nínú ìdáhùn yẹn, àmọ́ kò pé, àìpé rẹ̀ sì ń pa àwọn ọmọ wa lára nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbèjà ọwọ́. Ọwọ́ kò purọ́. Ìbéèrè tó ń dáhùn ni kì í ṣe èyí tí a rò pé a bi í. Awọ ara kì í wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó. Bí ooru ṣe ń yára wọlé sí wa lára, tàbí bó ṣe ń yára jáde, ló ń mọ̀. Ní ìdájí, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn onírin, kí ẹ sì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn onípákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin á tutù lọ́wọ́ yín ju pákó lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà mọ́jú, tẹmọ́mítà á sì sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Irin ló ń yára fa ooru kúrò lọ́wọ́ yín. Pákó ń lọ́ra. Ohun tí ara nílò láti mọ̀ gan-an nìyẹn, torí kí ooru ara sá lọ tán, tàbí kó pọ̀ jù, ló lè pààyàn.

Ata náà tún wà níbẹ̀. Ní 1997, David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní California rí ohun kan lára iṣan wa tí ata máa ń ta jí. Ohun kan náà yìí ló ń jí nígbà tí ìgbóná bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 43. Bí ọbẹ̀ tó ti tutù bá ń jó wa lẹ́nu torí ata, iṣan ń ké pé iná wà, tẹmọ́mítà kò sì ní mira rárá. Ara iṣẹ́ tí Julius torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021 nìyí.

Báwo ni tẹmọ́mítà fúnra rẹ̀ ṣe wá di ẹni tí a ń gbà gbọ́? Nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Ítálì, Galileo wà lára wọn, ń lo ìgò gíláàsì roboto kan tó ní ọrùn gígùn tín-ín-rín. Wọ́n á fọwọ́ mú ìgò náà títí á fi gbóná, wọ́n á wá da ẹnu rẹ̀ kọ inú omi. Bí afẹ́fẹ́ inú ìgò bá ń tutù, á súnkì, omi á gun ọrùn ìgò. Bó bá tún gbóná, á wú, á sì ti omi padà sísàlẹ̀. Santorio, dókítà ní Padua, fi ìlà sí i lára, ó sì ń fi wo aláìsàn. Ẹ kíyè sí i pé kò sí tẹmọ́mítà mìíràn láyé nígbà náà tí wọ́n lè fi yẹ èyí wò. Kí ló wá mú wọn gbà á gbọ́? Ọwọ́ ni. Ohun tí ọwọ́ bá pè ní gbígbóná, ìgò náà ń gbà pé ó gbóná. Ohun tí ọwọ́ bá pè ní tútù, ó ń gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti bá ọwọ́ fohùn ṣọ̀kan léraléra ni wọ́n tó gbà á láyè pé kó já ọwọ́ nírọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú. Hasok Chang, tó ń kọ́ni ní Cambridge báyìí, kọ odidi ìwé kan lórí ìtàn yìí ní 2004. Ó wù mí kí gbogbo olùkọ́ físíìsì kà á.

Ibi tí nọ́ńbà yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà tó kàn. Bí oníkálukú bá ń fa ìlà tirẹ̀ sára ìgò, 20 ti ẹnì kan lè jẹ́ 50 ti ẹlòmíràn. Wọ́n wá ohun tí ìgbóná rẹ̀ kì í yí padà. Joachim Dalencé ní Faransé dábàá bọ́tà tó ń yọ́, ní 1688. Fahrenheit, tí wọ́n bí ní Danzig àmọ́ tó fi Amsterdam ṣe ilé, lo ara ènìyàn tí kò ṣàìsàn, ó sì pe ibẹ̀ ní 96 nínú ohun tó kọ ní 1724. Anders Celsius ní Uppsala mú yìnyín tó ń yọ́ àti omi tó ń hó ní 1742, ó pín àárín wọn sọ́nà ọgọ́rùn-ún. Omi híhó ló kọ́kọ́ pè ní 0, tó sì pe yìnyín ní 100. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n yí i po. Omi híhó pàápàá kò dúró sójú kan. Ní Èkó, létí òkun, 100 ni. Ní Jos, tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200, omi á ti máa hó ní nǹkan bíi 96. Celsius mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ní kí á wo bí afẹ́fẹ́ ojú ọjọ́ ṣe ń tẹni tó kí á tó fàlà. Gbogbo ìlà ara tẹmọ́mítà, àdéhùn ni, àwọn tó ṣe àdéhùn náà sì ti fojú ara wọn rí yìnyín, bọ́tà àti omi híhó kí wọ́n tó fẹnu kò.

Nọ́ńbà náà ní ibi tó ti dití. Bí a bá gbé yìnyín kaná, tí a sì ń rò ó, ooru á máa wọ inú rẹ̀ láìdúró, síbẹ̀ tẹmọ́mítà kò ní kúrò lórí 0 títí yìnyín á fi yọ́ tán. Joseph Black ní Glasgow ló là á yé àwọn èèyàn ní nǹkan bí àwọn ọdún 1760 pé ọ̀tọ̀ ni iye ooru tó wọ nǹkan lára, ọ̀tọ̀ ni bí nǹkan ṣe gbóná tó. Àgbà tó mọ ẹjọ́ dá kì í lé ẹlẹ́rìí kan síta torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ti èkejì mu. Á bi oníkálukú pé, níbo lo dúró sí tí o fi rí ohun tí o rí? Bí Black ṣe ṣe nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn gba inú ìka kọjá. Ní oṣù Kejìlá 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń jà, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àwọn tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàrin 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò gan-an. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún àwọn aláwọ̀ dúdú, 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti já wálẹ̀ ju 88 lọ. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Awọ dúdú máa ń gba nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn mu, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fi dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò kò sì pọ̀. Àwọn èèyàn wa wà ní ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba lọ́dún náà. Bí aláìsàn bá ń sọ pé òun kò rí èémí mí, tí ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan, ẹnu aláìsàn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

Nílé wa ńkọ́? Ìyá á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, á ní ara rẹ̀ gbóná. Bí ìyá náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ tán nínú omi tútù, ọmọ lè gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ṣe fún ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọmọ ní ibà bí ìyá bá sọ pé ara rẹ̀ ti gbóná, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí bí tẹmọ́mítà bá ka 37.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Wọ́n tún ní kí nọ́ọ̀sì bi ìyá bóyá ọmọ ń mu ọmú, bóyá ó ń bi gbogbo ohun tó jẹ, bóyá gìrì ti mú un. Tẹmọ́mítà kankan kò lè dáhùn ìyẹn. Ọwọ́ ìyá náà kò sì lè sọ bóyá kòkòrò ibà ẹ̀fọn wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní, láti 2010, kí á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí á tó fúnni lóògùn rẹ̀.

Mo wá ń bẹ àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ni ilé ìwé. WAEC ní ìwé ìdánwò kan tó fi àwòrán àti àlàyé dípò iṣẹ́ ọwọ́, fún àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ láyè ara wọn láìsí nílé ìwé. Ìdí gidi wà fún un. Àmọ́ nígbà tí ilé ìwé tó ní ọmọ lójoojúmọ́ bá ń kọ́ wọn bíi pé ìwé yẹn nìkan ni físíìsì, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní nọ́ńbà tí kò mọ ohun tí ó ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fọwọ́ sọ ohun tó rò, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó wá ka tẹmọ́mítà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ má fi àmì ìkùnà sí ti ọwọ́. Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó fà á. Tẹmọ́mítà kan ṣoṣo tó fún odidi kíláàsì láti bẹ̀rẹ̀.