Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀: Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Oṣù kẹta ọdún 2021 ni àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà fòǹtẹ̀ lu TheraSphere fún jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, nítorí àrùn mẹ́dọ̀wú B, tó wọ́pọ̀ láàárín wa, wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ yìí jù, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í sì í dé ọsíbítù títí kókó náà yóò fi tóbi kọjá ohun tí wọ́n lè gé. Àwọn tí agbára wọn gbé e ń lọ sókè òkun. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀ ni pé ìgbà méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe ìtọ́jú rárá.

Dókítà yóò ti rọ́bà tín-ínrín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní itan tàbí ọrùn ọwọ́ títí dé ẹ̀dọ̀, yóò sì tú àìmọye ìlẹ̀kẹ̀ wíńníwínní sílẹ̀ níbi tí jẹjẹrẹ ti ń mu ẹ̀jẹ̀. Yttrium-90 tó wà nínú wọn ló ń tan ìtànṣán. Láàárín wákàtí 64, agbára rẹ̀ yóò ti dín sí ìdajì.

Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ṣìnà ńkọ́? Jẹjẹrẹ a máa la ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà yọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóóró. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá tẹ̀lé e, mímí yóò di ìṣòro. Bó bá yà sí ikùn, ọgbẹ́ tí kì í tètè jiná ni. Nítorí náà, ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú, wọ́n á ya àwòrán iṣan, wọ́n á dí èyí tó lè darí ìlẹ̀kẹ̀ síkùn, wọ́n á sì fi technetium, tí ìtànṣán rẹ̀ kò lágbára, dán ọ̀nà wò, bí ìgbà tí ọlọ́jà rán ọmọ lọ wo ọ̀nà kí ẹrù tó gbéra. Bí ìṣirò bá fi hàn pé ìtànṣán tí yóò dé ẹ̀dọ̀fóóró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò ju 30 Gray lọ, wọ́n á dín in kù tàbí kí wọ́n pa ètò náà tì.

Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú tàbí tí omi ti kún ikùn rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ má sì fi àgbo tí aláìsàn ń mu pa mọ́ fún dókítà. Àwọn kan nínú wọn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

A mọ̀ pé ó dunni láti ná owó ńlá sórí àyẹ̀wò tó lè parí sí “kò ṣeé ṣe.” Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kí wọ́n fò ó ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ bi ọsíbítù náà: eélòó ni ti àyẹ̀wò nìkan, ọjọ́ mélòó la ó fi dúró de èsì, ṣé ẹ ó sì dá owó ìtọ́jú padà bí èsì bá ní kò ṣeé ṣe?